Richard Manuel: Olóhùn iyọ̀ tó tu ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, tí kò rí ìtùnú fún ara rẹ̀

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí bá ìgbésí ayé Richard Manuel mu gan-an ni, akọrin ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tó para pọ̀ di ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní The Band. Lójú àwọn tó ń wò ó lórí ìtàgé, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó jókòó sídìí pianó yìí ní gbogbo ohun tí olórin lè máa tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: ohùn tó ń mú omijé jáde lójú àgbà, ọwọ́ tó mọ pianó tẹ̀, ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn rẹ̀, àti orúkọ tó kárí ayé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta, ọdún 1986, nígbà tó ku nǹkan bí oṣù kan péré kó pé ẹni ọdún 43, ọkùnrin náà gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìpínlẹ̀ Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ikú rẹ̀ ya àwọn olórin lẹ́nu. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kò mọ̀ pé ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́ nígbà kan, wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n onínúure ènìyàn ni, ẹni tó máa ń pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín, tí orin rẹ̀ sì ń tu àwọn tí ìbànújẹ́ dé bá nínú. Ó ṣòro fún wọn láti gbà pé ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn lè wà nínú irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀. Ìtàn rẹ̀ jẹ́ ìtàn ẹ̀bùn, ó jẹ́ ìtàn ẹgbẹ́, ó sì tún jẹ́ ìtàn bí ẹ̀bùn ṣe lè máa gbẹ lọ díẹ̀díẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ọ̀nà tí wọn yóò fi dá a dúró.

Ọmọ mẹkáníìkì ní ìlú Stratford

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin, ọdún 1943 ni wọ́n bí Richard George Manuel ní ìlú Stratford, ní ìpínlẹ̀ Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ìlú tí kò tóbi púpọ̀ ni Stratford. Nígbà náà, iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ojú irin ni ọ̀pọ̀ ará ìlú náà fi ń jẹun. Nígbà tó di ọdún 1953, tí Manuel jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún eré oníṣe Shakespeare níbẹ̀, èyí tó sọ ìlú náà di olókìkí. Ìlú yìí kan náà ni gbajúgbajà akọrin òde òní nì, Justin Bieber, dàgbà sí.

Mẹkáníìkì ni bàbá Manuel, olùkọ́ sì ni ìyá rẹ̀. Ọmọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n bí, òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ sì jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi. Inú ilé Ọlọ́run ni ohùn rẹ̀ ti kọ́kọ́ là, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ akọrin káàkiri ayé. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pianó.

Ṣùgbọ́n orin ìjọ nìkan kọ́ ló ń wọ etí àwọn ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀ Ontario lásìkò náà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn a máa yí rédíò wọn títí wọn yóò fi gbọ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbóhùn sáfẹ́fẹ́ láti gúúsù Amẹ́ríkà, irú bíi WLAC tó wà ní ìlú Nashville. Orin àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ níbẹ̀ lóru. Báyìí ni ọmọ aláwọ̀ funfun tó wà ní ìlú kékeré kan ní Kánádà ṣe di ẹni tó fi Ray Charles àti Bobby Bland ṣe àwòkọ́ṣe. Ray Charles, afọ́jú tó ń tẹ pianó tó sì ń kọrin bí ẹni tí ọgbẹ́ wà lọ́kàn rẹ̀, ló wọ̀ ọ́ lára jù. Títí tó fi kú, kò fi bẹ́ẹ̀ sí orin tó kọ tí a kò ní gbọ́ ipa ọkùnrin náà nínú rẹ̀.

Kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nígbà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. The Rebels ni wọ́n kọ́kọ́ pe ara wọn, kí wọ́n tó yí i padà sí The Revols nítorí pé àwọn mìíràn ti ń jẹ́ orúkọ ti àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yìí ló gbé e dé iwájú ọkùnrin tó sọ ọ́ di olórin gidi, ìyẹn Ronnie Hawkins.

Lábẹ́ Ronnie Hawkins

Ọmọ ìpínlẹ̀ Arkansas ní gúúsù Amẹ́ríkà ni Hawkins, ṣùgbọ́n láti ọdún 1958 ló ti ń wá ṣeré ní Kánádà, nígbà tó rí i pé àwọn èrò ilé ọtí Ontario fẹ́ràn orin rẹ̀. The Hawks ni orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí àwọn ọmọ Arkansas tó kó wá ṣe ń padà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló ń fi àwọn ọ̀dọ́ Kánádà rọ́pò wọn.

Levon Helm, ọmọ àgbẹ̀ olówùú tó ń lùlù, nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn ọmọ Arkansas. Robbie Robertson, ọmọ Toronto tí ìyá rẹ̀ wá láti inú ẹ̀yà àwọn tó ni ilẹ̀ Kánádà kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé, ló ń ta gìtá. Rick Danko, tó ti kọ́ṣẹ́ alápatà nígbà kan, ló ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Ní ọdún 1961, nígbà tí Manuel jẹ́ ọmọ ọdún 18, Hawkins mú un wọ ẹgbẹ́ láti máa tẹ pianó àti láti máa kọrin. Kí ọdún náà tó parí ni Garth Hudson, tó kàwé orin jù gbogbo wọn lọ, dé gẹ́gẹ́ bí ẹni karùn-ún. Hudson kò fẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ rò pé ẹ̀kọ́ tí òun kọ́ ti ṣòfò sí ilé ọtí. Nítorí náà, ó ní àfi kí wọ́n gba òun ní olùkọ́ orin. Àwọn yòókù sì gbà láti máa san dọ́là 10 fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kó lè sọ nílé pé iṣẹ́ olùkọ́ ni òun ń ṣe.

Ọ̀gá tó le ni Hawkins. Nígbà tí èrò bá tú ká lóru, tí àwọn olórin mìíràn ti lọ sùn, ìgbà náà ni ó máa ń ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ sí òfin ẹgbẹ́ yóò san owó ìtanràn. Ìyà yìí ló so wọ́n pọ̀, tí ọwọ́ wọn fi gún débi pé bí ọ̀kan bá ti gbé orin, àwọn yòókù ti mọ ibi tó ń lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwọn márààrún yìí sì mọ̀ ọ́n.

Nínú wọn, Manuel ni wọ́n kà sí olórí akọrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Helm àti Danko náà ní ohùn tó dára. Ohùn méjì ló wà lọ́fun rẹ̀. Ọ̀kan wúwo, ó sì kún bí ti àgbàlagbà tó ti rí ohun tí ojú ń rí, nígbà tó jẹ́ pé ọmọdé ni ẹni tó ń kọ ọ́. Èkejì ga sókè, ó tinrín bí òwú, ó sì dà bíi pé yóò já nígbàkígbà, síbẹ̀ kì í já. Ó tún mọ ìlù lù lọ́nà tirẹ̀, òun náà sì ni wọ́n máa ń fi sídìí ìlù nígbà tí Helm kò bá sí nílé tàbí tó bá gbé ohun èlò mìíràn dání.

Ilé ọtí ni iṣẹ́ wọn wà, ibẹ̀ náà sì ni ọtí ti wọ̀ ọ́ lára nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà náà, eré ọ̀dọ́ ni gbogbo ènìyàn kà á sí.

Bob Dylan àti ilé aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964, àwọn márààrún fi Hawkins sílẹ̀, wọ́n sì ń dá ṣeré káàkiri àwọn ilé ọtí Kánádà àti Amẹ́ríkà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Bob Dylan gbọ́ nípa wọn. Dylan ti di ìlú mọ̀ọ́ká nígbà náà gẹ́gẹ́ bí akọrin ìbílẹ̀ tó máa ń dá dúró pẹ̀lú gìtá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pinnu láti máa lo gìtá oníná àti ìlù, ó sì nílò ẹgbẹ́ tí yóò ti í lẹ́yìn.

Ohun tí wọ́n bá pàdé kò bára dé. Láti ìgbà ìwọ́wé ọdún 1965 títí di oṣù karùn-ún ọdún 1966, ní Amẹ́ríkà, ní Australia, àti ní ilẹ̀ Yúróòpù títí dé gbọ̀ngàn Royal Albert ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó fi owó wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì ń hó lé wọn lórí. Wọ́n ní Dylan ti ta ara rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló bà á jẹ́. Helm kò lè gbà á mọ́ra. Ó fi wọ́n sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1965, ó sì lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì lórí omi. Manuel dúró. Alaalẹ́ ló ń jókòó sídìí pianó láàárín ariwo náà, tó ń ṣe iṣẹ́ tó wá ṣe.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ní oṣù keje ọdún 1966, alùpùpù gbé Dylan ṣubú nítòsí ìlú Woodstock ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n sì fagi lé gbogbo ìrìn-àjò eré tó kù. Ìsinmi yìí ló bí ohun tó gbé ẹgbẹ́ náà dé ipò ọlá. Ní ọdún 1967, Manuel, Danko àti Hudson háyà ilé kan ní West Saugerties, tí kò jìnnà sí Woodstock. Nítorí àwọ̀ ara ilé náà, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Big Pink. Dylan máa ń wá síbẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n á sì sọ̀kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé láti kọrin tí wọn kò retí pé ayé yóò gbọ́.

Ní ọjọ́ kan, Dylan mú ìwé kan tó fi ẹ̀rọ tẹ̀ wá bá Manuel nísàlẹ̀ ilé, ó sì bi í bóyá ó ní ohùn orin tó bá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mu. Manuel ní in. Bí wọ́n ṣe jọ kọ Tears of Rage nìyẹn, orin òbí tí ọmọ rẹ̀ ti kẹ̀yìn sí i. Nígbà tí Helm padà dé ní ìparí ọdún náà, ẹgbẹ́ pé, wọ́n sì wọ iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀.

Àwo orin àkọ́kọ́ wọn, Music from Big Pink, jáde ní ọjọ́ kìíní, oṣù keje, ọdún 1968. Ó yàtọ̀ sí ohun tó gbòde. Lásìkò tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń bá àwọn òbí wọn jà, ńṣe ni ẹgbẹ́ yìí kó àwọn òbí àti ẹbí wọn jọ sí oko kan ní Ontario, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú wọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú páálí àwo náà. Lásìkò tí ariwo gìtá gbòde kan, orin tó falẹ̀ ni wọ́n fi ṣí àwo náà, ohùn Manuel ló sì kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀, tó ń dárò ọmọ tó kẹ̀yìn sílé. Eric Clapton, ọ̀gá nínú gìtá títa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́ àwo yìí, ó sì wà lára ohun tó mú kí ó kúrò nínú ẹgbẹ́ Cream tó ń mú owó ńlá wọlé. George Harrison ti ẹgbẹ́ Beatles náà rin ìrìn-àjò wá sí Woodstock kí ọdún náà tó parí.

Mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, òfo

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Richard Manuel, kó ka iye orin tó kọ sílẹ̀. Nínú orin mọ́kànlá tó wà nínú àwo àkọ́kọ́, mẹ́rin ló ní ọwọ́ rẹ̀ nínú: ó dá mẹ́ta kọ, òun àti Dylan sì jọ kọ ẹyọ kan. Mẹ́rin ni Robertson náà kọ. Ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì nígbà náà. Kò sí ẹni tó ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ.

Àwo kejì, tí wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ pè, jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969. Ilé kan ní Hollywood tó ti jẹ́ ti Sammy Davis Jr. nígbà kan rí ni wọ́n háyà láti ṣe é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ló dára jù nínú gbogbo àwo wọn. Nínú rẹ̀, mẹ́ta ni orin tí Manuel lọ́wọ́ sí, kò sì dá ìkankan kọ; òun àti Robertson ló jọ kọ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni Whispering Pines, orin ẹni tó dá wà tó ń retí ẹni tí kò ní padà wá. Ohùn orin náà ti wà lọ́wọ́ Manuel fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò wá. Robertson ló bá a wá ọ̀rọ̀ sí i. Nígbà tí Manuel wá kọ ọ́, kò sí ẹni tó lè sọ pé kì í ṣe inú ara rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti jáde.

Ní àwo kẹta, Stage Fright, tó jáde ní ọdún 1970, orin méjì péré ló ní orúkọ rẹ̀ lára, wọ́n sì jọ kọ wọ́n ni. Àwo kẹrin, Cahoots, dé ní ọdún 1971, kò sì sí ẹyọ kan tí Manuel kọ nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tún sí orin tuntun kan tó ní orúkọ rẹ̀ nínú àwọn àwo tí ẹgbẹ́ náà gbé jáde nígbà ayé rẹ̀. Mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, òfo. Odò tó ń ṣàn gbẹ láàárín ọdún mẹ́ta.

Kí ló fà á? Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Robertson sọ nígbà gbogbo pé òun rọ Manuel títí, pé òun jókòó tì í, òun sì bẹ̀ ẹ́ láti máa kọrin sílẹ̀, ṣùgbọ́n pé kò wá. Helm kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé tó kọ nípa ayé rẹ̀ ní ọdún 1993, ó ṣàlàyé pé gbogbo wọn ló jọ ń ṣe orin náà nínú yàrá ìdánrawò, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn díẹ̀ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, owó orin sì ń lọ síbi tí orúkọ bá wà. Ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí kò parí títí Helm fi kú. Ohun tó dájú ni pé Manuel kì í ṣe ẹni tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ara rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá mú orin wá, yóò kọ ọ́ tọkàntọkàn, yóò sì padà sídìí ìgò rẹ̀.

Ọlá dé, ìgò kò kúrò

Lójú ayé, nǹkan ń lọ dáadáa. Wọ́n ṣeré níbi àpéjọ ńlá Woodstock ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, wọ́n sì ti Dylan lẹ́yìn ní erékùṣù Wight nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí oṣù kan náà. Ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, ọdún 1970, àwòrán wọn wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Time. Ní oṣù keje ọdún 1973, nǹkan bí 600,000 ènìyàn ló pé jọ sí Watkins Glen ní ìpínlẹ̀ New York láti gbọ́ wọn pẹ̀lú ẹgbẹ́ méjì mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974, àwọn àti Dylan tún rin ìrìn-àjò eré 40 káàkiri Amẹ́ríkà àti Kánádà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó hó lé wọn lórí.

Ṣùgbọ́n owó tó wọlé wá ti mú kí ọtí sún mọ́ ọn, oògùn olóró sì ti tẹ̀ lé ọtí. Ó ti gbéyàwó, ó sì ti bímọ, ilé rẹ̀ sì ń dàrú. Ó ba mọ́tò jẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Ohùn rẹ̀ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Nígbà mìíràn, ohùn òkè tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí kì í wá mọ́. Ohun ìyanu ni pé ìfọ́ inú ohùn náà ń mú kí orin rẹ̀ wọni lára sí i, àwọn olùgbọ́ sì ń pàtẹ́wọ́ fún ọgbẹ́ tí wọn kò mọ̀ pé ọgbẹ́ ni.

Ní ọdún 1975, nínú àwo Northern Lights–Southern Cross, òun, Helm àti Danko jọ kọ Acadian Driftwood, orin nípa àwọn ará Acadia tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn ní Kánádà láti ọdún 1755. Ní ọdún 1976, ó kọ Georgia on My Mind, orin tí Ray Charles ti sọ di ti ara rẹ̀ ní ọdún 1960. Wọ́n gbé e jáde láti fi ti Jimmy Carter, ọmọ ìpínlẹ̀ Georgia tó ń du ipò Ààrẹ Amẹ́ríkà, lẹ́yìn. Ọmọ Stratford tó ń gbọ́ Ray Charles ti wá ń kọ orin ọ̀gá rẹ̀ fún ẹni tí yóò di Ààrẹ.

Ọdún 1976 yẹn kan náà ni ìjàǹbá ọkọ̀ ojú omi pa á lọ́rùn lára ní ìpínlẹ̀ Texas, tí wọ́n sì fagi lé àwọn eré kan. Robertson ní ìrìn-àjò ti tó. Ó rò pé bí wọn kò bá dúró, ẹnì kan nínú wọn yóò kú sọ́nà. Ní ọjọ́ karùnlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1976, wọ́n ṣe eré ìdágbére ní gbọ̀ngàn Winterland ní San Francisco. Wọ́n fi oúnjẹ ọjọ́ Ìdúpẹ́ ṣe nǹkan bí 5,000 àlejò lálejò, Dylan, Muddy Waters, Neil Young, Joni Mitchell, Van Morrison, Clapton àti ọ̀gá wọn àtijọ́, Hawkins, sì bá wọn kọrin. Martin Scorsese ya á sí sinimá tó jáde ní ọdún 1978 pẹ̀lú orúkọ The Last Waltz. Níbi orin tí gbogbo wọn jọ fi kádìí eré, I Shall Be Released, tó jẹ́ pé Manuel ló kọ́kọ́ fi ohùn òkè rẹ̀ sọ di olókìkí, a gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú sinimá náà, ṣùgbọ́n a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Àwọn gbajúmọ̀ tó dúró níwájú ti bò ó mọ́lẹ̀.

Òpin ìrìn-àjò

Lẹ́yìn ìgbà náà, Manuel gbìyànjú. Ó fi ọtí àti oògùn olóró sílẹ̀, fún ọdún mélòó kan ni ara rẹ̀ sì fi mókun. Ní ọdún 1983, òun, Helm, Danko àti Hudson tún pe ẹgbẹ́ jọ láìsí Robertson. Inú rẹ̀ dùn láti padà sídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ṣeré fún 600,000 ènìyàn ti wá ń ṣeré nínú ilé ọtí kéékèèké, irú èyí tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ìgò sì tún wọlé padà. Ní oṣù kìíní ọdún 1986, Albert Grossman, tó jẹ́ alámòójútó wọn nígbà ọlá wọn, kú lójijì. Ikú náà wọ Manuel lára.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, ọdún náà, wọ́n ṣeré ní ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Cheek to Cheek ní Winter Park, Florida. Eré náà dùn. Nígbà tí Hudson ń palẹ̀ àwọn ohun èlò rẹ̀ mọ́, Manuel lọ bá a, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fi jọ ṣe orin rere. Ó kọjá sí yàrá Helm, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ orin àti sinimá títí òru fi jìn, kò sì sí ohun tó fi hàn pé ọkàn rẹ̀ dàrú. Ó ní òun fẹ́ mú nǹkan kan wá láti yàrá òun. Wọn kò tún rí i láàyè mọ́. Ìlú Stratford tí wọ́n ti bí i náà ni wọ́n gbé e padà sí, ní ibojì Avondale, wọ́n sì sin ín síbẹ̀.

Clapton kọ orin Holy Mother ní ìrántí rẹ̀ lọ́dún náà. Ní ọdún 1987, Robertson náà kọ Fallen Angel fún un. Ní ọdún 1993, nígbà tí Helm, Danko àti Hudson gbé àwo Jericho jáde, wọ́n fi orin kan tí Manuel ti kọ kó tó kú sínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tún jáde láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò lọ. Wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ náà sínú ìwé ọlá àwọn olórin Kánádà ní ọdún 1989, wọ́n sì fi í sínú ti àwọn olórin rọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994.

Danko kú ní ọdún 1999, Helm ní ọdún 2012, Robertson ní ọdún 2023. Nígbà tí Garth Hudson, ẹni tí Manuel dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, náà dágbére fáyé ní oṣù kìíní ọdún 2025, kò sí ẹnì kan tó kù mọ́ nínú àwọn márààrún.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti bárakú ọtí jẹ́ àìsàn bí àìsàn mìíràn. Wọn kì í wo bí ènìyàn ṣe lórúkọ tó, wọn kì í sì í ṣe ohun tí ìpàtẹ́wọ́ lè wò sàn. Ẹni tó ń mú inú gbogbo ilé dùn lè jẹ́ ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ìbéèrè náà sì gbọ́dọ̀ tètè dé, nígbà tí mẹ́rin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di mẹ́ta, kí ó tó di òfo. Richard Manuel kò gbọ́ ọ tó bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n títí di òní, ẹni tí oorun kò kùn lóru, tí ọkàn rẹ̀ sì wúwo, lè gbé orin rẹ̀ sí i, kó sì mọ̀ pé òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó la irú òru bẹ́ẹ̀ kọjá.